Bí Fóònù Rẹ Ṣe Sọ Àáké Di Owó Orí

Rowena, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé otútù Lọ́ńdọ̀nù kò mú ọ jù? Ẹni tó ń ṣọ́ àgùntàn wa lórí òkè kò ní jẹ́ kí o sọnù sáàárín èrò. Àwa náà wà, bàbá rẹ ń bú ọbẹ̀ mi, ó sì tún ń bù ú.

Ọmọbìnrin tí o fi sínú fóònù tí o rà fún mi, ó kú iṣẹ́ o. Àràárọ̀ ni mo ń kí i, mo tilẹ̀ gbé tíì síwájú rẹ̀, kò mu ún. Bàbá rẹ ní bóyá ó ti jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó wá. Ṣùgbọ́n ẹnu àwa ará Yọ́kìṣáyà kò yé e rárá, ìyẹn ló sì kó mi sí wàhálà lọ́jọ́ Sátidé.

Ìjì jà, igi ńlá ẹ̀yìn ilé wó dí ẹnu ọ̀nà abà, àgùntàn wa tó ń rọbí sì ń ké nínú ibẹ̀. Bàbá rẹ ń fi ọwọ́ lásán fa igi bí ẹni ń fa ìrù màlúù, nítorí àáké wa wà lọ́wọ́ Amos aládùúgbò wa, tó yá a láti ìgbà Kérésì. Mo bá bẹ ọmọbìnrin inú fóònù pé kó pe Amos, kó ní a fẹ́ àáké. O mọ bí a ṣe ń pè é nílé. Níbi tí ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń sọ "dí" kí ẹ tó pe "ákìs", "t" lásán ni tiwa, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó di "tákìs", bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń pe owó orí. Ó ní òun ti gbọ́. Àfi bó ṣe pe àwọn agbowó-orí!

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Doreen ló dáhùn. Ó ní èló ni mo jẹ. Mo ní èwo ni jíjẹ, ta ní ń jẹ irin? Mo ní igi la fẹ́ fi gé, kó ṣe kíá. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá, ọmọ Lankaṣáyà lòun, ahọ́n làwọn ń kì sáàárín eyín kí àwọn tó pe àáké, àwọn á fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i. Ó ní "dí" lòun ń sọ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n dárúkọ Amos nìkan fún ọmọbìnrin inú fóònù, kí n má dárúkọ àáké rárá. Títí di òní, bàbá rẹ kò gbà pé ọmọlúàbí lè ti Lankaṣáyà, tí a ń bá figagbága láti ayébáyé, wá.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Amos gbé àáké sáré dé, wọ́n gé igi, àgùntàn sì bí ìbejì. Ọ̀kan kò mí, bàbá rẹ fi koríko nù ún títí ó fi ké. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní eruku ni.

Ohun kan ṣì wà lọ́kàn mi. Nígbà tí o pè wá lọ́jọ́sí, "dí" lo ń sọ ṣáá. Bàbá rẹ wá bi mí pé ọmọ ta nìyẹn. Mo ti ṣàlàyé fún un pé Doreen náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, kò sì gbàgbé ilé. Jọ̀ọ́, pe òun nìkan lọ́jọ́ Àìkú, kí o bá a sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, bàtà òjò rẹ̀ ti là, ọ̀rá ló ń fi wé ẹsẹ̀. Má fi í sínú fóònù o, ọmọbìnrin yẹn lè ná an.

Níbikíbi tí o bá ti lanu, Ọlọ́run á jẹ́ kó yé wọn. Ibi tí kò bá ti yé wọn, máa bọ̀ nílé.

Èmi ìyá rẹ,
Hilda