Ìpín Oòrùn Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Laroussi

Naziha ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Túnìsì níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ìyá rẹ ń kí ọ. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wa ì bá kí ọ náà, ṣùgbọ́n ó ń bá mi yan odì láti àná. Dàbínù ti ń pọ́n, ooru ò jẹ́ ká sùn, a dúpẹ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Níbi tí o ti ní ewé máa ń gba oòrùn, omi inú ilẹ̀ àti èémí tí àwa ń mí síta, tí á fi se ṣúgà fún ara rẹ̀, tí á sì mí afẹ́fẹ́ tó dára padà fún wa, ìyá rẹ ní irọ́ ni, pé ta ló ń se oúnjẹ láìsí ìkòkò. Mo ní kó má bá ilé ìwé jiyàn. Mo lọ sídìí igi ọ̀pọ̀tọ́ wa, mo gbé etí lé ewé, n kò gbọ́ kó hó. Mo já ọ̀kan jẹ kí n tọ́ ṣúgà rẹ̀ wò, ètè mi wú bíi ti ràkúnmí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sí ṣúgà torí kò sí oòrùn. Ọ̀pẹ dàbínù Laroussi aládùúgbò wa ló dúró lé e lórí, tó ń gbà á jẹ lókè! Abájọ tí ọ̀pọ̀tọ́ náà kò fi so mọ́, tí ìyá rẹ kò rí èyí tí yóò sá tà fún owó ẹ̀kọ́ rẹ.

Mo gbé e lọ bá àwọn àgbà tó ń pín omi. Mo ní nígbà tí omi ìsun ní ìpín, kí ló dé tí oòrùn fi jẹ́ ti ẹni tí igi rẹ̀ bá ga jù? Laroussi rẹ́rìn-ín, ó ní Hamouda, ìwọ tí o kò tíì tọ́jú ti ilẹ̀ tán, tòkè lo tún ń bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, gbogbo wọn mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí Laroussi máa gun ọ̀pẹ láràárọ̀, kó di imọ̀ orí rẹ̀ pọ̀ kí oòrùn lè kan ọ̀pọ̀tọ́ mi, kó tú u lọ́sàn-án.

Ló bá yarí. Ó ní bí lẹ́tà bá ti di òfin, kí wọ́n kà á tán: ta ló ń fa afẹ́fẹ́ tí ọ̀pẹ òun ń mí jáde láti ayé bàbá Hamouda? Kí Hamouda san án! Àwọn àgbà tún forí korí. Wọ́n ní kí n máa jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí n máa mí sí i lára títí oòrùn yóò fi wọ̀. Wọ́n yan ẹnì kan tí yóò máa wò bóyá mo ń mí dáadáa. Tíì mi ni ọkùnrin náà ń mu.

Ọmọ mi, ọ̀pọ̀tọ́ ti yọ èso o, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyá rẹ ń jó. Ṣùgbọ́n Laroussi kì í ṣe ọmọdé mọ́. Láàárọ̀ àná igbà yọ̀ mọ́ ọn lókè, ó rọ̀ mọ́ imọ̀ bí àdán, ó ń pe orúkọ mi. Mo sáré fa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló já lé. Ẹsẹ̀ Laroussi wú. Ó wojú mi, ó ní Hamouda, máa kó oòrùn rẹ lọ, n kò ṣe mọ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dùn mí wọra. Ẹni tí a jọ ń mu tíì láti kékeré!

Olórí àwọn àgbà ní ẹjọ́ tí lẹ́tà dá, lẹ́tà ló lè tú u. Nítorí náà, kọ òmíràn kíákíá, kí o wá òǹtẹ̀ lù ú. Sọ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, pé ewé ti ṣíwọ́ oòrùn jíjẹ, pàápàá ti abúlé wa. Bí ọ̀pọ̀tọ́ kò bá so mọ́, a ó ta ewúrẹ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ. Fi dínárì díẹ̀ sínú àpòòwé náà, ká fi ra òróró tí n ó fi wọ́ ẹsẹ̀ Laroussi.

Ìyá rẹ ní o kò tíì rí ẹni bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Má máa dá jókòó. Wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa jà, tí orúkọ rẹ ni yóò sì kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu bí igbà bá yọ̀. Ọlọ́hun yóò fi irú rẹ̀ ta ọ́ lọ́rẹ. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Hamouda