Oògùn Tí Kì Í Dúró De Àmín

Neiafu, Vavaʻu,
Tonga.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 2019.

Àbúrò mi Lupe,

Òtútù Auckland ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, ẹlẹ́dẹ̀ ń bí, òrùlé ṣì ń jò.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Semisi ọkọ mi lò ń retí. Láti ìgbà tí àìsàn ti ba ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn rẹ̀ jẹ́, ọ̀rá kì í dà nínú rẹ̀ mọ́. Bó ṣe jẹ ẹ́ ló ń yà á jáde. Ó rù débi pé okùn ló fi ń so ṣòkòtò. Dókítà fún un ní kápúsù pé kó máa gbé e mì bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, oògùn ń ṣiṣẹ́. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, inú rírun á tún dé. Níjọ́ kan ló bá ju ìgò oògùn nù, ó ní, “Mi ò lò ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n kú jẹ́ẹ́.”

Mo ní, “Ta ló fún ọ láyè àtikú? Ta ni yóò tún òrùlé ṣe?”

Ẹnu mi ló le o, àyà mi ń já. Mo gba ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Anaseini lọ. Ó da òróró sómi, wọn ò bára lọ. Ó kán ọṣẹ sí i, òróró fọ́ wẹ́wẹ́. Ó ní iṣẹ́ òróòro nínú wa nìyẹn, “ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ yẹn ṣì tóbi jù fún ìfun. Oje inú kápúsù yìí ló máa gé e kéékèèké kó lè wọ ara.”

Mo ní níbo ni wọ́n ti rí oje ọ̀hún. Ó rẹ́rìn-ín: “Lára ẹlẹ́dẹ̀ ni, ìyá.”

Lupe, mo wá ìjókòó. Ẹlẹ́dẹ̀ tí a ń sun láti ayé bàbá wa, ohun tí yóò mú ọ̀rá rẹ̀ dà wà nínú òun fúnra rẹ̀! Mo délé, mo mú ìgò tí Semisi jù nù padà, mo da oje inú kápúsù kan tó ti fọ́ sínú wàrà àgbọn. Nígbà tó fi máa dọjọ́ kejì, ó ti ń rùn bí ọṣẹ. Kò síná, kò sọ́bẹ, oje náà ti gé ọ̀rá àgbọn. Orí mi wú.

Anaseini ti kìlọ̀ pé bí oje bá ṣáájú ọ̀rá wọkùn, yóò bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Bí Semisi bá ti jókòó sídìí oúnjẹ lọ́jọ́ Ìsinmi ló ń gbé kápúsù mì. Àlùfáà Fakatava á wá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn àgbà á tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀rọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ á tutù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Mo bẹ Semisi pé kó tún oògùn náà dán wò fún mi ní ọjọ́ Ìsinmi kan péré.

Ó di kápúsù mọ́wọ́. Fakatava gbàdúrà fún àwọn tó wà lójú òkun, fún ọba, fún ẹ̀yin ará Auckland. Bó ṣe lajú díẹ̀, ó rí ẹ̀ṣẹ́ tí Semisi dì.

“Semisi, kí lo fi pamọ́ nídìí àdúrà? Ṣé o ti mú ẹran ni?”

“Ẹlẹ́dẹ̀ ni, àlùfáà. Ó ń dúró de Àmín yín.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fakatava ṣe Àmín kíá, Semisi fi òkèlè àkọ́kọ́ gbé oògùn mì. Ọjọ́ Ìsinmi kẹta rèé, inú ò run ún mọ́. Lánàá ó já okùn ṣòkòtò nù, ó gun òrùlé lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà lórí oúnjẹ, ẹ ṣe é ní kúkúrú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń rántí rẹ,
Kalolaine