Mẹ́ta Nínú Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án
Mo ti máàkì ìdánwò ìṣirò ìdá tán. Ó ju ìlàjì kíláàsì kẹrin mi lọ tó fìdí rẹmi. Òjò láti àárọ̀. Nígbà ìsinmi mo yọjú lójú fèrèsé: àwọn kan náà tí kò mọ ìdajì yàtọ̀ sí ìdá mẹ́rin ń jiyàn lábẹ́ òrùlé lórí bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ka àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ṣì í kà.
Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ — ọ̀gá ilé ìwé wa, èmi nìkan ni mo ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń dún ní ìbàdí rẹ̀ — ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Bíi pé mo káwọ́ gbera látọjọ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Òjò dá. Mo kó wọn lọ sí pápá. Kí kálukú ju bọ́ọ̀lù sápẹ̀rẹ̀, kó kọ iye tó jù àti iye tó wọlé. Kiko — ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun náà wà lára àwọn tó fìdí rẹmi — ju mẹ́wàá, méje wọlé. Benjie ju mẹ́rin, mẹ́ta wọlé. Ìkẹrin ta sí irin, ó gba orí ògiri, ó di inú òkun. Bọ́ọ̀lù wa kan ṣoṣo.
Kiko ní òun ló mọ̀ ọ́n jù, méje ju mẹ́ta lọ. Benjie ní, "Irọ́ ń pa ọ́. Bọ́ọ̀lù ló tán, kì í ṣe èmi." Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wọ̀yá ìjà. Inú mi dùn. Ìṣirò ìdá ni wọ́n ń jà lé lórí, wọn ò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11
Tala. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ń tún kíláàsì kẹrin ṣe, èmi ni mo sì fọwọ́ sí i pé kó tún un ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Lónìí mo bá a lábẹ́ igi, ó ń ta sungka, ayò wa, òun nìkan — ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì ta. Mo fi ṣeré bi í pé nínú Kiko àti Benjie, ta ló mọ̀ ọ́n jù.
Ó ní Benjie ni. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.
Mo ní báwo?
"Tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ju ogún. Bí wọ́n ṣe ń jù ú yẹn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wọlé fún Benjie, mẹ́rìnlá fún Kiko." Ó ju owó ẹyọ sínú ihò tó kàn.
Ọmọ tí mo ní kò mọ ìdá.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Mo wá ìdánwò rẹ̀ ti oṣù kẹrin jáde, èyí tí mo tìtorí rẹ̀ ní kó tún kíláàsì ṣe. Gbogbo ibi tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan, ó gbà á. Gbogbo ibi tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ìbéèrè mẹ́jọ, òfìfo. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ajé, 15
Mo dá Tala dúró lẹ́yìn ilé ìwé. Mo ka ìbéèrè mẹ́jọ náà fún un ní Hiligaynon, èdè ilé wa. Ó gba méje. Ìkẹjọ, ó ní ìbéèrè náà kò pé: wọn ò sọ iye èèyàn tó máa pín àkàrà ìrẹsì náà. Mo tún un kà. Òótọ́ ni.
Mo ní ṣé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ní òun ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kí òun tó túmọ̀ ọ̀kan tán, aago á ti lù.
Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀: ní Àbámẹ́ta òun ń lọ sí Iloilo, ìlú ńlá òdìkejì omi, lọ máa bá àǹtí òun tọ́jú ọmọ. Òun ò ní padà sílé ìwé mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16
Mo bẹ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ kí Tala bọ́ sí kíláàsì karùn-ún. Ó ní èsì ti wọ fáìlì, èmi náà ni mo sì fọwọ́ sí i. Tí mo bá fẹ́ yí i padà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. "Á wà nínú fáìlì tìẹ náà o, Remy. Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí àbààwọ́n kan níbẹ̀."
Mo ní màá rò ó.
Màá rò ó. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọjọ́rú, 17
Ilé Manang Pacing, ìyá Tala. Ó ń sá ẹja. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń yí ẹja padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dúró. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán:
"Tíṣà, ní oṣù kẹrin, ibi tí ẹ jókòó sí yìí náà ni ẹ jókòó sí. Ẹ ní ọmọ mi ò lè ṣe é. Mo sunkún, mo gbà. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́ nígbà yẹn. Èwo ni kí n wá gbọ́ báyìí?"
Mo ní tòní ni.
Ó ní tàkọ́kọ́ wà nínú ìwé, ọwọ́ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Tòní dà?
Ó di ẹja gbígbẹ mẹ́ta fún mi pé kí n máa mú lọ. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 18
Mo kọ ọ́. Ojú ewé kan àbọ̀. Mo fún Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ní tiẹ̀. Mo tún un kọ ní èdè ilé, mo mú un lọ sílé Manang Pacing. Kò sẹ́nìkan nílé. Mo fi há ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 19
Tala ò wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
Mo lọ sí èbúté. Ọkọ̀ aago mẹ́jọ kún dẹ́nu, ó ti ń ṣí. Mi ò rí Tala àti ìyá rẹ̀, àmọ́ mo pẹ́ kí n tó dé. Wọ́n lè wà nísàlẹ̀. Ká tiẹ̀ ní mo rí wọn, kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n fa ọmọ ọlọ́mọ sọ̀kalẹ̀?

Ọjọ́ Ajé, 22
Kí n tó dé, Manang Pacing ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, Tala lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Tala ló kà á fún òun, ẹ̀ẹ̀mejì. Ní Ẹtì àwọn méjèèjì lọ sí Iloilo, wọ́n lọ fẹnu ara wọn sọ fún àǹtí náà pé kó wá ẹlòmíràn.
Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ní òun fúnra òun á dán ọmọ náà wò. Èdè ilé ló fi bi í. Ìbéèrè lórí ìbéèrè, bóyá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kọ́kọ́rọ́ ò dún rárá. Ó jáde, ó ní: kíláàsì karùn-ún, láti òní.
Tala wá kó ìwé rẹ̀ nídìí àga. Mo lọ bá a, mo ní kó má bínú sí mi. Ó ní:
"Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn náà, Tíṣà. Mo rò pé ẹ máa bi mí ni."
Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.
Mo jókòó títí aago fi lù. Lẹ́yìn náà mo pe Kiko wá sídìí tábìlì, mo ṣí ìdánwò rẹ̀, mo sì ka ìbéèrè àkọ́kọ́ fún un ní èdè ilé.