Láísẹ́ǹsì Àlejò

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àpòmù ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣọdẹ ẹfọ̀n. Lánàá, akọ̀wé láísẹ́ǹsì ọdẹ bi mí pé, "Bàbá, ọmọ ibo ni yín?"

Mo yan, mo ní, "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́!" torí ibẹ̀ ni bàbá mi ti wá.

Háà! Ó ní ṣílè mẹ́wàá tí gbogbo wa san léṣìí, ó ti di pọ́n-ùn márùn-ún fún àlejò. Èmi, àlejò! Ẹnu mi ò tíì padé.

Ìyàwó mi ní kí n padà lọ pe ara mi lọ́mọ Àpòmù. Ẹ bá mi dá sí i: ṣé torí ẹfọ̀n ni kí n wá sẹ́ ilé bàbá mi? Bẹ́ẹ̀, bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, "Ará Àpòmù dé!" ni wọ́n fi ń kí mi.