Ẹ Jẹ́ Kí N Yan Gàrí Yìí Tán Ná

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú tí òtútù ti ń gé wa létí. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi Bọ́sẹ̀ kó má bínú, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n gbé ìpè rẹ̀. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbí. Wọ́n fẹ́ràn mi, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ mi tán nínú wọn.

Mo ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ lẹ́tà yìí síta nítorí mo fẹ́ yìn yín lójú gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ariwo. Ẹ fara dà á.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a wá àpò ẹ̀gẹ́ wa tì níbi tí wọ́n ti ń fi jáàkì fún omi kúrò lára ẹ̀gẹ́ ní Ìpele. Àkísà pupa lẹ so mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ní Ìyá Sùlé, aládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ, ló gbé e lọ, pé ká lọ ká a mọ́lé. Èmi ti ń so gèlè mọ́dìí. Ẹ ní kí n jókòó, ẹ fẹ́ yan gàrí tó wà lórí iná tán ná. Bí ẹ ti ń rò ó lọ, ẹ̀ ń bi ara yín léèrè ohun tó lè mú obìnrin tí kì í fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, a gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti wà ní ọsibítù l'Ọ̀wọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àkísà pupa lòun náà so mọ́ tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì sí nílé nígbà tó gbé tiwa. Ẹ̀yin náà lẹ tún bá a yan tirẹ̀. Mo rò nígbà náà pé ojo lẹ jẹ́. Èmi gan-an ni mi ò gbọ́n.

Lóṣù tó kọjá, ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ń pẹ́ kó tó wọlé, kì í sì í jẹ́ kí fóònù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dájọ́ lọ́kàn mi: ó ti ní obìnrin. Mo di ẹrù sínú àpótí, mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń retí ọjọ́ ìsinmi mi kí n lè kó jáde. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ọbẹ̀ wà lórí iná. Mo ní kí n sè é tán ná. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò tíì bi ọkùnrin yìí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Nígbà tó dé, mo gbé oúnjẹ fún un, mo sì rọra béèrè ohun tó ń dùn ún.

Ó sunkún, Ìyá mi. Wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, iṣẹ́ mìíràn ló ń wá kiri, ojú sì ń tì í láti sọ. Mo ti wá mọ̀ pé ìfẹ́ gba kéèyàn fara balẹ̀ ronú. Ẹ mọ èyí láìjókòó ní yunifásítì kankan, mo sì ń fi yín yangàn.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní òun ti rí àpótí náà. Ó ní lójoojúmọ́ tí òun bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lòun kọ́kọ́ ń wò, kí òun lè mọ̀ bóyá mo ṣì wà.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ óò jèrè wa. Mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa. Mo ṣì wà níbí lọ́dọ̀ ọkọ mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọlákẹ́