Rédíò Ni Mo Wá, Ọkọ̀ Ojú Omi Ni Mo Bá

Bàbá mi, Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrótì. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Abidjan níbí. Ṣé ara Ìyá Àgbà ti le dáadáa? Àwọn àbúrò mi ńkọ́? Òjò ò jẹ́ ká rímú mí lọ́sẹ̀ yìí, aṣọ tí mo fọ̀ kọ̀, kò gbẹ, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn ṣìnkìn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sókè kí gbogbo ilé gbọ́.

Bàbá, mi ò gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù. Ẹ ní iṣẹ́ ìròyìn lẹ rán mi lọ kọ́, kì í ṣe pé kí n máa pín ẹ̀wù fún èrò ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ní bí rédíò ò bá gbà mí, kí n máa bọ̀ nílé. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fún mi láyè di ìparí oṣù. Òótọ́ ni pé gbogbo ilé rédíò tí mo dé ló ní kò sáyè. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ló gbà mí fún sitáàsì, bí wọ́n ṣe ń pe ìkọ́ṣẹ́ níbí. Láràárọ̀, màá dúró létí ọ̀sà, màá kí èrò káàbọ̀, màá fún wọn ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. N kì í sún mọ́ bèbè jù, torí ọmọ Ọ̀yọ́ ò mọ omi. Bí mo bá sì padà sí yàrá mi ní Marcory, kò sẹ́ni tí màá bá sọ Yorùbá. Mo tilẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ní kí n bá èrò wọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa sì kú láàárín ọ̀sà. Afẹ́fẹ́ òjò ń bọ̀, ọkọ̀ ń mì, èrò ń wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Awakọ̀ ń pariwo lédè Faransé, àwọn èrò náà ń pariwo. Ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Treichville di ọwọ́ mi mú, ó ń ké "Mo gbé o!" ní Yorùbá.

N kò mọ ìgbà tí mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ awakọ̀. Mo sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo fi ìwọ̀nba èdè Dyula tí mo gbọ́ lọ́jà kún un: "A ye sigi," ẹ jókòó. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, mo ń ròyìn ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá fà wá bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù: ó ti gbéra, ó ti sún mọ́ wa, ó kù díẹ̀! Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá yẹn ní ọmọ ta ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ lòun fúnra rẹ̀ ti wá, ilé rẹ̀ ni mo sì ti jẹun lọ́jọ́ Sunday.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi, Madam Adjoua, ránṣẹ́ pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí ni. Ó béèrè ibi tí mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo ní iṣẹ́ tí mo wá ṣe nìyẹn. Ló bá ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀, kó máa kìlọ̀ fún èrò nínú gbogbo ọkọ̀ wọn. Bàbá, mi ò dákẹ́ síbẹ̀! Mo tún tọrọ ìṣẹ́jú díẹ̀ láràárọ̀ fún ìròyìn ojú ọjọ́, ojú omi àti ojú ọ̀nà, ó sì gbà. Èmi ni mò ń wá a, èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi ni mò ń kà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n parí sitáàsì yìí.

Lánàá, mo jókòó sáàárín èrò nínú ọkọ̀. Ohùn mi jáde ní Yorùbá látinú ẹ̀rọ tó wà lókè orí wa, ó ní kí wọ́n so ẹ̀wù wọn dáadáa. Bàbá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi so tirẹ̀, ó gbójú sókè sí ẹ̀rọ náà, ó ní, "A ti so ó, ọmọ mi, o ṣé." Kò mọ̀ pé èmi ni.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà, àwọn àbúrò mi àti gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín tó ń yọ̀,
Àbẹ̀kẹ́