Ìlà Pupa Abẹ́ Ọ̀rọ̀

Samedi (ọjọ́ Àbáméta), Anoumabo

Ẹnu ṣì ń yà mí, mi ò lè parọ́.

Kọ̀ǹpútà Ràfíátù ọmọ mi ti gbó ju tèmi lọ. Ló bá kó gbogbo fáìlì rẹ̀ sínú tèmi lónìí, àti réglage rẹ̀, gbogbo bó ṣe tò ó, kí àwa méjèèjì lè jọ máa lò ó.

Mo jókòó láti tẹ ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà mi yìí, Faransé tí wọ́n ń sọ nílùú yìí nìkan ló gbọ́. Abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá ló máa ń fa ìlà pupa sí, bíi tíṣà tó ń máàkì. Lónìí, kò fa ẹyọ kan! Mo ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo kígbe pe Ràfíátù.

"Non, maman. C'est moi qui lui ai appris."

Òun ló kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ Yorùbá, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ràfíátù tí mo máa kí ní Yorùbá, tó máa fi Faransé dá mi lóhùn! Ọ̀rọ̀ tí mo rò pé ó ń gba etí kan wọlé, tó ń gba ìkejì jáde...

Ta ló ń kọ Yorùbá sí? Mo bi í. Ó padà sídìí alloco, dòdò tó ń dín.

Mo ń dán an wò. "Ìlérí", kò sí ìlà. "Àánú", kò sí. Mo wá tẹ Àbẹ̀kẹ́, oríkì tí ìyá mi fún Ràfíátù lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Ìlà pupa.

Mo pè é sókè: "Àbẹ̀kẹ́!"

Kò bojú wẹ̀yìn. Kò mọ̀ pé òun ni mò ń pè.